Ẹbí Irinṣẹ́: Ohun Tí Ìtàn Oko Ìrẹsà Lè Kọ́ Ẹni Tó Fẹ́ Ra Katakata Kékeré

Ìbéèrè kan wà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ wa lónìí, ó sì wà lẹ́nu àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti ìdálẹ̀: bí owó ọwọ́ ẹni kò bá tó katakata ńlá rà, kékeré wo ni kí á rà? Agbára ẹṣin, ọjọ́ orí ẹ̀rọ àti iye tí wọ́n ń tà á ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìtàn oko ní agbègbè Ìrẹsà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, yóò rí i pé àwọn kọ́ ló ń sọ bóyá irinṣẹ́ yóò pẹ́ lóko tàbí yóò di òkú irin lẹ́yìn ilé. Irinṣẹ́ kì í dá gbé. Ó ní ẹbí: ẹni tó ń rọ ọ́, ẹni tó ń tún un ṣe, iṣẹ́ tó ń gbé e jáde ní oṣooṣù, àti àwọn ọwọ́ tó ń parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ́ tí àwọn baba wa fi roko pẹ́ nítorí pé ẹbí rẹ̀ pé sílé. Ọ̀pọ̀ katakata tó wọ ilẹ̀ wa láti bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn kú ní rèwerèwe nítorí pé ọmọ òrukàn ni wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyí, mo sì gbà pé ó yẹ kí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ iye owó nígbàkigbà tí a bá ń yan ẹ̀rọ.

Ìrẹsà kì í ṣe ìlú àná. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, pe Ìrẹsà ní olórí ìlú ẹkùn Ìbọ̀lọ́ ní ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, ṣáájú kí ogun tó tú ẹkùn náà ká. Lónìí, Ìrẹsàadú àti Ìrẹsàapá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìrẹsàadú sì ni olú ìlú rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wọn. Igi igbá tó ń fún wa ní irú àti igi ẹ̀mí tó ń fún wa ní òrí dúró káàkiri láàárín koríko, iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí sì ni iṣẹ́ oko, kí kaṣú tó wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń ṣí ọdún, àrọ̀kúrò ló ń pa á dé, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń jẹ oṣù tó kù. Òkè ilẹ̀ yìí kò jìn. Ibi tí èèpẹ̀ dúdú bá pin sí, yangí àti òkúta ló kàn. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ àwọn baba wa láti máa kó èèpẹ̀ òkè jọ sí ebè, kí iṣu lè rí ibi ta gbòǹgbò. Ọkọ́ ni irinṣẹ́ tó bá iṣẹ́ yẹn mu, kò sì sí ẹ̀rọ kan títí di òní tó ń kọ ebè iṣu bí ọwọ́ ọ̀jáfáfá àgbẹ̀ ti ń kọ ọ́.

Ìdí tí ọkọ́ fi jọba pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ju pé kò wọ́n lọ. Àwọn tó ń yọ irin láti inú òkúta wà ní ìtòsí. Ìṣundúnrin, lẹ́bàá Èjìgbò, gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ yíyọ́ irin títí dé ọ̀rúndún ogún. Alágbẹ̀dẹ wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹwìrì àti owú rẹ̀, agbẹ́gilére àti àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ sì mọ bí a ṣe ń gbẹ́ erúkọ́. Bí ọkọ́ bá ṣẹ́ ní àárọ̀, ó lè padà sóko kí ilẹ̀ tó ṣú. Alágbẹ̀dẹ ló mọ ilẹ̀ tí oníbàárà rẹ̀ ń ro, ó mọ èyí tó nílò ọkọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ fún ebè àti èyí tó nílò ọkọ́ kékeré fún ìtulẹ̀ koríko. Nígbà tí irin òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Òṣogbo ní 1907, iná ìléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iná alágbẹ̀dẹ kò kú. Irin tí ẹlòmíràn yọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Nígbà tó yá, tí ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, irin sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti kọṣẹ́ di ohun tí wọ́n ń rọ àdá àti ọkọ́. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fà yọ ni pé ibi tí irin ti wá kò ṣe pàtàkì tó ibi tí ọwọ́ tó ń tún un ṣe wà.

Ẹbí ọkọ́ kò mọ sórí alágbẹ̀dẹ. Ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀, ètò sì wà fún ọwọ́ náà. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ a máa ro oko ara wọn ní ìtẹ̀léra. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún a ké sí àna àti ọ̀rẹ́, yóò sì fi oúnjẹ àti ohun mímu ṣe wọ́n lálejò. Ìwọ̀fà wà pẹ̀lú, ẹni tó ń fi ara sin gbèsè, ètò yẹn sì ní ìnira tirẹ̀ tí kò yẹ kí á bò mọ́lẹ̀. Igba igba ni wọ́n ń ka ebè, ìyẹn sì jẹ́ kí a mọ iye iṣẹ́, iye owó àti iye ọjọ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Obafemi Awolowo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ tó ń bá baba wọn lọ sóko lọ sí ilé ìwé, ohun rere sì ni. Àwọn mìíràn láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tó yí i ká ti lọ ṣòwò ní Gold Coast tipẹ́tipẹ́. Alágbàṣe ló wá ń gba ipò àwọn ọmọ, lára wọn àwọn Àgàtú tó ń wá láti ìhà Benue. Láti ìgbà yẹn ni ọwọ́ ti ń wọ́n lóko. Àìtó ọwọ́ yìí ló ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀rọ, kì í ṣe pé ọkọ́ ti dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé, ẹranko ló wà láàárín ọkọ́ àti katakata. Màlúù tàbí ẹṣin ló ń fa irin ìtúlẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, alágbẹ̀dẹ abúlé ló sì ń tún irin náà ṣe. Nígbà tí ẹ̀ńjìnnì dé, ó bá ẹbí tó ti wà nílẹ̀: onírin tó mọ ohun èlò ìtúlẹ̀, oko tí kùkùté ti tán nínú rẹ̀, àti àgbẹ̀ tó ti mọ bí a ṣe ń bọ́ ohun tó ń fa ẹrù. Ní òkè ọya níbí, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní fífi màlúù túlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ó sì fìdí múlẹ̀ ní ibi púpọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ni kò jẹ́ kí màlúù tó lágbára fún iṣẹ́ náà gbé pẹ́. Nítorí náà, láti orí ọkọ́ ni a ti fò bọ́ sórí katakata lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ̀gùn àárín kò sí, kò sì sí àkókò tí ẹbí irinṣẹ́ fi lè dàgbà. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní yára dá àgbẹ̀ Ìrẹsà lẹ́bi pé ó lọ́ra láti gba ẹ̀rọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀rọ ńlá nílẹ̀ Áfíríkà kò ṣe aláìní owó. Ní 1947, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ lé oko ẹ̀pà ńlá kan ní Tanganyika, tí a ń pè ní Tanzania báyìí. Wọ́n kó katakata àlòkù lọ, wọ́n tún ọkọ̀ ogun ṣe di ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀, gbòǹgbò igi àti ilẹ̀ líle sì fọ́ wọn bí ẹni fọ́ ìkòkò. Nígbà tí wọ́n pa ètò náà tì ní 1951, owó tó ti bá a lọ lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì pọ́n-ùn. Èyí tó sún mọ́ wa ni ti Mokwa, ní òkè odò Ọya, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949. Katakata ni wọ́n fẹ́ fi máa túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kó wá síbẹ̀ láti gbin ẹ̀pà àti ọkà. Ẹ̀rọ náà túlẹ̀, ó túlẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ríro koríko, gbígbìn àti ìkórè wà lọ́wọ́ ènìyàn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ tú ní ọjọ́ díẹ̀ ju ohun tí ìdílé kan lè ro ní oṣù mẹ́ta lọ, koríko sì bo ohun ọ̀gbìn mọ́lẹ̀. Ní 1954, ètò náà parí. Bí ènìyàn bá ní ẹ̀kọ́ Mokwa ni pé ilẹ̀ Áfíríkà kò gba ẹ̀rọ, àṣìṣe ni. Ohun tó kọ́ wa ni pé ẹ̀rọ tó ṣe apá kan iṣẹ́ tó sì fi apá yòókù sílẹ̀ láìsí ọwọ́ ti dá gbèsè sí oko.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Olóyè Akin Deko, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ló ṣáájú ètò àgọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1959, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Israel. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ti kàwé jáde máa gbé pọ̀, kí wọ́n ní ilé, ilẹ̀ àti ẹ̀rọ àjùmọ̀lò. Ìlọrá, nítòsí ìlú Ọ̀yọ́, wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀ dó. Èrò rere ni, mo sì rò pé apá tó dára jù nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ àjùmọ̀lò yẹn. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń ná lórí ọ̀dọ́ kan ṣoṣo ju ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ náà kúrò níbẹ̀ láìpẹ́, nítorí pé ìjọba ni ẹbí ẹ̀rọ wọn. Ìjọba ló ni ọ̀gá tó ń tún un ṣe, ìjọba ló ni epo rẹ̀, nígbà tí owó ìjọba sì dín kù, kò sí ẹni tó kù tó mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń gba ẹ̀mí. Ní àkókò kan náà, àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi àgọ́ wọ̀nyẹn ń bá owó orí jà. Nígbà tí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà gbóná ní 1969, tó sì ṣàn dé Ògbómọ̀ṣọ́ débi pé Ṣọ̀ún, ọba ìlú náà nígbà náà, pàdánù ẹ̀mí rẹ̀, owó orí ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn àgbẹ̀ ní àwọn lágbára láti san. Ẹ fi ọgbọ̀n ṣílè wé ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Àlàfo yẹn fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé irinṣẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò bá àpò àwọn tó yẹ kó lò ó mu.

Lẹ́yìn èyí ni ètò katakata yíyá gbilẹ̀. Ìjọba ń ra ẹ̀rọ, àgbẹ̀ ń san owó éékà tí wọ́n bá tú fún un. Ètò Operation Feed the Nation dé ní 1976, Green Revolution tẹ̀lé e ní ayé Shehu Shagari, ilé iṣẹ́ kan ní Bauchi sì ń to katakata Steyr pọ̀. Ó yẹ kí ìgbà yẹn jẹ́ ìgbà ọ̀pọ̀. Ohun méjì ló dí i lọ́wọ́ ní irú ilẹ̀ bíi ti Ìrẹsà. Àkọ́kọ́ ni pé òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: gbogbo àgbẹ̀ ló fẹ́ katakata ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kan náà, ẹni tó bá sì kẹ́yìn a gbin ọkà rẹ̀ nígbà tí òjò ti lọ sí ìdajì. Oko tún fọ́n káàkiri, éékà kan níbí, méjì lọ́hùn-ún, kùkùté nínú èyí, òkúta nínú ìyẹn, tó fi jẹ́ pé ìrìn láti oko dé oko ń jẹ epo tó yẹ kó tú ilẹ̀. Ìkejì ni pé nígbà tí ìjọba Ibrahim Babangida jẹ́ kí ọjà pinnu iye owó náírà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, dọ́là kan tó ti wà ní bíi náírà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọjá náírà mẹ́ta kí ọdún tó parí. Iye owó ohun èlò tó ń ti òkè òkun wá ga kọjá apá àwọn ibùdó tó ń yá katakata fún àgbẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́, wọ́n a tú ara rẹ̀ fi tún òmíràn ṣe, títí tí ọ̀kan yóò fi kù, tí ìyẹn náà yóò sì dákẹ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé mo ń wá ẹ̀bi níbi tí kò sí, pé owó náírà tó já wálẹ̀ àti àìṣòótọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló pa katakata, kì í ṣe àìsí ẹbí. Àtakò yìí lágbára, n kò sì ní fojú rénà rẹ̀. Owó náírà já lóòótọ́, ìwà jẹgúdújẹrá sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó bá katakata la ìjì kan náà kọjá. Ẹ̀rọ ìlọta wà ní ìlú àti abúlé wa títí di òní. Ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gàrí wà. Ọ̀kadà pọ̀ ju ti ìgbàkigbà lọ. Náírà tó já fún katakata já fún àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú. Kí ló gbà wọ́n là? Wẹ́dà tó lè lẹ̀ wọ́n wà ní igun òpópónà, ohun èlò wọn wà lọ́jà, ẹni tó ni ín ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò ó, iṣẹ́ wọn sì ń wáyé lójoojúmọ́. Bí ìjì kan bá wó igi kan, tí kò wó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò ló yẹ kí á lọ wò.

Ibi tí katakata kékeré ti wá tún fi kún ọ̀rọ̀ yìí. Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló fi hàn ayé pé ìwúwo kọ́ ni agbára. Ó ṣe ìdè onígun mẹ́ta tó so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata lọ́nà tó jẹ́ pé bí irin ṣe ń wọlẹ̀ ni ó ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ fífúyẹ́ lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ wíwúwo. Katakata rẹ̀ kékeré, TE20, tí wọ́n ṣe ní Coventry láti 1946 títí dé 1956, lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn ará Japan, tí oko ìrẹsì wọn kéré gan-an, ṣe èyí tó tún kéré sí i, nígbà tí àwọn ọdún 1960 sì ń parí lọ, ilé iṣẹ́ Kubota gbé e dé Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ó ti rí ìgbésí ayé tuntun. Ní ìpínlẹ̀ bíi Minnesota tàbí Michigan, àti ní ìlú Winnipeg ní Kánádà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá wà báyìí, ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé a máa fi katakata kékeré gé koríko ní ìgbà ẹ̀rùn, a fi kó iyanrìn àti igi ìdáná, nígbà tí yìnyín bá sì bo ilẹ̀, a so abẹ irin tàbí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yìnyín dànù mọ́ iwájú rẹ̀, a fi la ọ̀nà dé títì. Ẹni tó ń rà á ní owó tó mọ níwọ̀n kì í kọ́kọ́ béèrè bó ṣe lágbára tó. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹni tó ń ta ohun èlò rẹ̀ wà nítòsí, bóyá ohun tó fẹ́ so mọ́ ọn wà, àti oṣù mélòó lọ́dún ni yóò rí iṣẹ́ ṣe. Àlòkù tó ti lo ogún ọdún tí ohun èlò rẹ̀ wà lọ́jà sàn lójú rẹ̀ ju tuntun tí kò ní ará.

Ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta yẹn wá sí Ìrẹsà, ẹ ó rí i pé yìnyín nìkan ni kò sí níbẹ̀. Katakata tó bá ń túlẹ̀ nìkan ń ṣiṣẹ́ fún bí oṣù mélòó kan ní àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, ìyókù ọdún ni ó ń sùn. Ẹ̀rọ tó ń sùn kì í san gbèsè. Ṣùgbọ́n èyí tó bá lè fa ọkọ̀ ẹrù, gbé iṣu àti àgbàdo dé ọjà, yí ẹ̀rọ tó ń pa àgbàdo tàbí tó ń lọ ẹ̀gẹ́, fa omi ní ọ̀gbẹlẹ̀, tó sì lè gé koríko abẹ́ kaṣú kí iná má bàa jó o, yóò máa jẹun ní ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ti ìwọ̀n, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń rìn tẹ̀lé lẹ́yìn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìrẹsì tó rọ̀ ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún, ilẹ̀ ọ̀dàn tó ti le ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ sì máa ń borí wọn. Ilé iṣẹ́ Hello Tractor, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá fún àgbẹ̀ wa. Nígbà tó yá, ó yí padà sí fífi fóònù so ẹni tó ní katakata pọ̀ mọ́ ẹni tó ń wá a. Ẹ̀rí ńlá ni ìyípadà yẹn: iṣẹ́ tí katakata rí ṣe ló ṣe kókó ju iye tí wọ́n tà á lọ.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tún jẹ́rìí fún ẹ̀rọ tó mọ níwọ̀n. Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, onímọ̀ ilẹ̀ Rattan Lal àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá ṣán. Wọ́n rí i pé àgbàrá ń kó èèpẹ̀ lọ níbẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ju ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣán lọ, nítorí pé ẹ̀rọ ti fa gbòǹgbò yọ, ó sì ti tẹ ilẹ̀ le. Ní ilẹ̀ tí òkè rẹ̀ kò jìn bíi ti Ìrẹsà, ohun tí àgbàrá bá kó lọ ní ọdún kan kì í padà ní ìran kan. Igi igbá náà wà níbẹ̀. Johnson sọ nípa ogun kan tí wọ́n pè ní Mùgbámùgbá, nítorí pé oko ti bàjẹ́ nígbà náà, èso igbá sì ni àwọn ènìyàn jẹ láti fi yè. Katakata ńlá fẹ́ kí gbogbo igi kúrò lọ́nà. Èyí tó kéré lè yí igi igbá ká, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú àti fún ọjọ́ ìṣòro.

Àwọn kan yóò wá béèrè pé ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kí á padà sídìí ọkọ́. Rárá o. Ọkọ́ ti tẹ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí ọmọ kan tó jáde ilé ìwé tí yóò fi tayọ̀tayọ̀ kọ igba ebè lójúmọ́. Bí oko kò bá ní ẹ̀rọ, kò ní ní ọ̀dọ́. Èyí tí mo ń sọ ni pé kí á fún ẹ̀rọ ní ohun tí àwọn baba wa fún ọkọ́. Àwọn mìíràn yóò ní olówó kékeré kò lè dá ra katakata kankan, kékeré tàbí ńlá. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí àáró fi wà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìdílé márùn-ún tó bá pa owó pọ̀ ra ẹ̀rọ kan, tí wọ́n kọ ẹni tí yóò wà á àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń ya apá kan sọ́tọ̀ nínú gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ fún àtúnṣe, ti ṣe ohun tí àgọ́ àgbẹ̀ ọdún 1959 fẹ́ ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn ni ẹ̀rọ náà, wọn kò sì ní láti dúró de ìjọba.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu gbé katakata 2,000 tí wọ́n kó wọlé láti Belarus jáde ní Abuja. Ohun tí ìtàn wa kọ́ wa ni pé iye katakata tó wọlé kò tó láti fi yọ̀. Ohun tó yẹ kí á béèrè ni ibi tí ohun èlò wọn yóò wà ní ọdún karùn-ún. Ibi tí a ti lè rí ìrànlọ́wọ́ kò jìnnà sí Ìrẹsà: ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dán ẹ̀rọ oko wò wà ní Ìdọ̀fìàn nítòsí Ìlọrin, yunifásítì LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mẹkáníìkì àti wẹ́dà sì kún ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ra katakata kékeré, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, kí ó kọ́kọ́ bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ kí ó tó bá oníṣòwò sọ̀rọ̀. Kí ó béèrè ẹ̀rọ tí ọwọ́ mẹkáníìkì náà ti mọ́ àti ohun èlò tí a lè rí lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ láìdúró de Èkó. Kí ó ka iṣẹ́ oṣù méjìlá tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe, kí ó wo ẹni tí yóò ro koríko ilẹ̀ tí ẹ̀rọ bá tú, kí ó wá ẹni tí yóò bá a pín in. Lẹ́yìn náà ni kí ó wo agbára ẹṣin, kí ó sì dúnàá dúrà. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Oko àti ẹbí ẹ̀rọ ni kí á wò kí a tó sanwó.